Nígbà tí Amúnáwá Bá Di Amúnálọ: Ẹ̀kọ́ Lórí Bí A Ṣe Ń So Jẹnẹrétọ̀ Mọ́ Iná Ilé

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gírámà, ewì, ìtàn àròsọ àti oríkì ni ẹ sábà máa ń bá pàdé níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan péré kí n sọ̀rọ̀ nípa wáyà. Ìdí méjì ni mo ní. Èkíní ni pé kò sí ẹnì kan nínú àwa tí à ń gbé ìta ọgbà tí kì í gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́. Bí kì í bá ṣe tiwa, a jẹ́ ti aládùúgbò. Èkejì ni pé díẹ̀ ló kù kí n fi jẹnẹrétọ̀ pa ènìyàn, n kò sì mọ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé kan

Ìparí ọdún 2021 ni. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ilé kan lẹ́yìn ọgbà. A dá owó jọ, a ra jẹnẹrétọ̀ àlòkù 2.5 kVA kan. Ẹni tó tà á fún wa ló kọ́ wa ní ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá: ẹ mú wáyà kan, ẹ de púlọ́ọ̀gì mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì, ẹ ki ọ̀kan bọ ara jẹnẹrétọ̀, ẹ ki èkejì bọ sókẹ́ẹ̀tì ara ògiri, gbogbo ilé á sì tàn. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí a gbọ́dọ̀ máa rántí ni pé kí a kọ́kọ́ pa súwíìsì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò sí ohun tó ṣe wá. Ohun tí kò tíì ṣe wá la wá ń pè ní ohun tí kò lè ṣe wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, òjò ńlá rọ̀, ìjì sì wó ẹ̀ka igi lu wáyà orí òpó ní àdúgbò wa. Iná lọ. Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi, bátìrì rẹ̀ sì ti kú. Mo sáré jáde, mo ki wáyà bọ sókẹ́ẹ̀tì, mo fa jẹnẹrétọ̀, ó dáhùn. N kò rántí súwíìsì ńlá. Ohùn ẹ̀rọ náà wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlòmíràn lé lórí, àmọ́ mo rò pé epo ló dọ̀tí. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ ilé kejì hó yèè pé, “Up NEPA!” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ ìyàtọ̀ iná Nẹ́pà àti ariwo jẹ́nẹ́. Èmi gan-an ni n kò mọ̀ ọ́n. Iná wa ló ti gba ẹ̀yìn jáde, tó gun òpó, tó sì wọ ilé wọn.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn wa. Àwọn òṣìṣẹ́ iná méjì ni. Láti ìdájí ni wọ́n ti wà nídìí òpó kẹta sí ilé wa, tí wọ́n fẹ́ so wáyà tó já. Wọ́n ti yọ fíùsì nídìí tiransifọ́mà kí wọ́n tó gun òkè, nítorí náà ó yẹ kí wáyà náà ti kú. Ṣùgbọ́n àṣà iṣẹ́ wọn ni pé a kì í fọwọ́ kan wáyà tí a kò dán wò. Wọ́n gbé tẹ́sítà sí i, ó tàn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ariwo jẹ́nẹ́ láti ilé dé ilé títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn kò bú mi. Bàbá náà pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n fa wáyà olórí méjì yẹn yọ, wọ́n gbé e dání, wọ́n wá bi mí pé, “Ṣé o mọ̀ mí rí?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

Wọ́n ní, “Èmi náà ò mọ̀ ẹ́ rí. Àmọ́ díẹ̀ báyìí ló kù, ò bá ti pa mí láàárọ̀ yìí.”

Wọ́n gé wáyà náà sí méjì, wọ́n kó o lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, tí gbogbo wa padà sílé fún oṣù mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ṣe iṣẹ́ iná ni mo lọ. Mo ru àkàbà, mo fa wáyà, mo sì béèrè ìbéèrè. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín. Kì í ṣe kí ẹ lè máa tú DB ilé yín fúnra yín ni mo ṣe ń kọ ọ́ o. Kí ẹ lè mọ ohun tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná ni, kí ẹ sì mọ èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà.

Ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ̀ lé iná láti ìta wọlé. Wáyà ńlá tó ń gba ojú títì kọjá máa ń gbé iná 11,000 V tàbí 33,000 V. Kò sí ohun èlò ilé kan tó lè gba èyí. Nígbà tó bá dé ìdí tiransifọ́mà àdúgbò, tiransifọ́mà á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 415 V láàárín láìfù kan sí èkejì, tàbí nǹkan bí 230 V láàárín láìfù kan àti nútírà. Èyí ló ń gba orí òpó kéékèèké wá sí ilé wa. Bó bá dé ara ògiri, yóò wọ inú fíùsì ìta, yóò gba inú mítà, lẹ́yìn náà yóò wọ DB, ìyẹn àpótí tí àwọn bíréékà tò sí. Láti inú DB ni ó ti ń pín sí yàrá, sí ilé ìdáná àti sí ẹ̀rọ omi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú èyí kò ju ọ̀kan lọ: wáyà kò mọ ẹni tó ni iná, kò sì mọ ibi tí iná ti wá. Títì tó ń gba àlejò wọlé náà ni àlejò ń gbà jáde. Bí iná bá ti wà nínú wáyà, gbogbo ibi tí wáyà náà bá dé ni iná á dé, àfi bí ohun kan bá gé ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe bí ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa díẹ̀. Orúkọ tí Yorùbá fún jẹnẹrétọ̀ ni ẹ̀rọ amúnáwá. Bí a bá tú u, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “a-”, ọ̀rọ̀ ìṣe “mú”, ọ̀rọ̀ orúkọ “iná” tí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ pípajẹ, àti “wá”. “Wá” yẹn ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, torí òun ló ń sọ ibi tí iná ń kọjú sí: ọ̀dọ̀ wa. Ní òwúrọ̀ Sátidé tí mo ròyìn rẹ̀, mo sọ amúnáwá di amúnálọ.

Ìdí tí wáyà olórí méjì fi ń pani

Ọ̀nà mẹ́rin ni wáyà yẹn ń gbà ṣe iṣẹ́ ibi.

Èkíní ni èyí tí mo ti sọ: iná á gba sókẹ́ẹ̀tì wọ DB, á gba DB wọ mítà, á sì gun òpó. Àwọn kan máa ń sọ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè ṣe nǹkan kan lórí òpó, pé ẹrù àdúgbò á pa á lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tiwa, wáyà tó já ti ya ilé mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára àdúgbò. Ẹrù ilé mẹ́ta ní àárọ̀ kùtù kò tó láti pa á. Ìgbà tí wáyà bá já sì ni òṣìṣẹ́ iná máa ń gun òpó. Ẹ kíyè sí i: ọjọ́ tí ó léwu jù lọ gan-an ni ọjọ́ tí jẹ́nẹ́ lè gbé e.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ bí iná náà bá dé ìdí tiransifọ́mà. Tiransifọ́mà kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Bí ó ṣe ń rẹ 11,000 V sílẹ̀ di 230 V, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò gbé 230 V tó bá gba ẹ̀yìn wọlé sókè padà sí nǹkan bí 11,000 V. Òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó gíga ní òpópónà kejì, tí kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn jẹ́nẹ́ yín, lè kú sí i.

Èkejì ni pé Nẹ́pà lè mú iná dé nígbà tí jẹ́nẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Iná àgbáyé máa ń lọ, ó máa ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní Nàìjíríà; iná jẹ́nẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kì í bá ara mu. Bí wọ́n bá pàdé, jẹ́nẹ́ ló máa ń fojú winá rẹ̀: wáyà inú rẹ̀ lè jóná, epo sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni púlọ́ọ̀gì náà fúnra rẹ̀. Ohun tí iná bá wà nínú rẹ̀ ni a máa ń ṣe ní oníhò, kí ọwọ́ má baà kàn án. Ohun tó yọ eyín síta ni ó máa ń lọ gba iná. Wáyà olórí méjì yí èyí padà. Bí ó bá yọ lára ògiri nígbà tí jẹ́nẹ́ ń ṣiṣẹ́, eyín irin mẹ́ta á wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, 230 V á sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá lọ́mọ nílé á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀kẹrin ni pé sókẹ́ẹ̀tì kan kò wà fún gbígbé iná gbogbo ilé. Wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gbóná nínú ògiri láìsí bíréékà tó máa gé e.

Ẹnì kan lè wí pé, “Èmi kì í gbàgbé súwíìsì ńlá ní tèmi.” Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. A kì í fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ kọ́ sórí ìrántí ẹni tí oorun ń kùn.

Ṣéńjì-ófà: ilẹ̀kùn kan tí kì í gba ẹni méjì

Ohun tó gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ìrántí ni ṣéńjì-ófà. Ipò mẹ́ta ló ní. Bó bá wà ní 1, Nẹ́pà ló ń wọlé. Bó bá wà ní 2, jẹ́nẹ́ ni. Bó bá wà ní 0, kò sẹ́ni tó ń wọlé. Irin kan ṣoṣo ló ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín wọn, nítorí náà kò sí bí ó ṣe lè wà lọ́dọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá gbàgbé, ẹni tó bá mutí, ọmọ tó bá ń ṣeré, kò sí ẹni tó lè fi iná jẹ́nẹ́ ránṣẹ́ sí òpó níbẹ̀ bí wọ́n bá so ó dáadáa. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà: èyí tí a ń fọwọ́ yí, àti èyí tó ń yí ara rẹ̀. Èyí tí a ń fọwọ́ yí ti tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Ẹni tó bá ń lo iná oòrùn pẹ̀lú inverter náà, òfin yìí kan án: orísun iná méjì kò gbọdọ̀ ní ọ̀nà láti bá ara wọn pàdé, àfi bí a bá ṣe ẹ̀rọ náà fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ohun méjì. Ẹ rà èyí tó ń gé láìfù àti nútírà pa pọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń gé láìfù nìkan, wọ́n á ní nútírà kò ní iná. Nútírà náà jẹ́ ọ̀nà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, iná lè gba orí rẹ̀ rìn jáde. Èkejì, ìwọ̀n ṣéńjì-ófà gbọ́dọ̀ gbé iná tó ń ti mítà bọ̀, kì í ṣe ti jẹ́nẹ́ nìkan, torí pé òun ni Nẹ́pà ń gbà wọlé lójoojúmọ́. Nítorí náà ni ẹ fi máa ń rí 63 A tàbí 100 A ní ilé tí jẹ́nẹ́ rẹ̀ kò ju 11 A lọ.

Ìṣirò kékeré kan

Ẹ má sá o, ìṣirò yìí kò le. Bí a bá fi 230 V pín 2,500 VA, a ó rí nǹkan bí 10.9 A. Bí jẹ́nẹ́ bá jẹ́ 5 kVA, ó di nǹkan bí 21.7 A. Wáyà 2.5 mm² tó fún ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ń fẹ́ 4 mm², tàbí 6 mm² bí ọ̀nà bá jìn.

Ẹ wá wo ẹrù. Ká ní jẹ́nẹ́ 2.5 kVA wa lè gbé 2,000 W láìmí gúlegúle. Gílóòbù LED mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9 W jẹ́ 72 W. Fáànù mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70 W jẹ́ 210 W. Tẹlifíṣọ̀n 100 W, kọ̀ǹpútà méjì 130 W, fíríìjì 150 W. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 662 W. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fíríìjì máa ń gba iná púpọ̀ nígbà tó bá ń jí. Ká ní ó gba ìlọ́po mẹ́rin, 600 W nìyẹn, àpapọ̀ á di 1,112 W fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó ṣì dára. Bí ẹnì kan bá wá ki áyọ́ọ̀nù 1,200 W bọ̀ ọ́, tí fíríìjì sì jí lákòókò kan náà, ó di 2,312 W. Jẹ́nẹ́ á kọ́, iná á rẹ̀wẹ̀sì, ohun èlò lè bàjẹ́. Ọ̀gá mi máa ń ní kí a má ru ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú 2,000 W, 1,600 W nìyẹn. Ẹ lọ aṣọ yín nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná wá.

Bí oníṣẹ́ iná ṣe gbọ́dọ̀ so ó

Ẹ pe ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí. Ní Nàìjíríà, àjọ NEMSA ló ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná. Ẹ dúró tì í, kí ẹ sì máa wò ó ní ẹsẹẹsẹ báyìí:

1. Kí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná yọ fíùsì ìta. Kí oníṣẹ́ iná dán wáyà wò kó tó fọwọ́ kàn án. Mítà kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin tàbí òun gbọdọ̀ tú.

2. Àárín mítà àti DB ni ṣéńjì-ófà ń jókòó sí. Láìfù àti nútírà tó ti mítà wá yóò wọ ẹ̀gbẹ́ 1. Ti jẹ́nẹ́ yóò wọ ẹ̀gbẹ́ 2. Èyí tó ń lọ sí DB yóò wọ ẹnu ẹrù. Bí wọ́n bá ṣi ẹnu wọ̀nyí gbé fún ara wọn, ṣéńjì-ófà á di ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán.

3. Kí wọ́n kan ẹnu ìgbanásí mọ́ ògiri ìta. Òun ni kó ní eyín, torí òun ló ń gba iná. Orí wáyà tó ń ti ara jẹ́nẹ́ bọ̀ ni kó jẹ́ oníhò. Bó bá yọ, kò sí eyín tó ní iná tí ọwọ́ lè kàn.

4. Kí bíréékà wà lórí ọ̀nà jẹ́nẹ́ tó bá wáyà rẹ̀ mu: 16 A fún wáyà 2.5 mm² tí mo sọ, 25 A fún ti 5 kVA.

5. Kí wọ́n ri ọ̀pá áàtì mọ́lẹ̀. Ọ̀pá bàbà ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bí 1.2 m, wọ́pọ̀ lọ́jà, kí wọ́n sì so ara jẹ́nẹ́ mọ́ ọn.

6. Kí gílóòbù kékeré kan wà ní ọ̀nà tó ti mítà wá, ṣáájú ṣéńjì-ófà. Òun ni yóò máa sọ fún yín pé Nẹ́pà ti dé, láìjẹ́ pé ẹ jáde lọ wo ilé aládùúgbò.

7. Ìdánwò ìkẹyìn ló ṣe pàtàkì jù. Kí wọ́n tan jẹ́nẹ́, kí wọ́n yí i sí 2, kí gbogbo ilé tàn. Kí wọ́n wá gbé tẹ́sítà sí ẹnu tó ti mítà wá. Fíùsì ìta ṣì wà ní yíyọ, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí iná kankan níbẹ̀. Bó bá wà, iṣẹ́ náà kò tíì tán. Ẹ má sanwó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí áàtì, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti máa ń kù díẹ̀ káàtó. Bíréékà 20 A kò wà fún ẹ̀mí ènìyàn. Wáyà ló ń dáàbò bò. Kí bíréékà tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, iná tó pọ̀ ju èyí tó lè pa ènìyàn lọ fíìfíì ti kọjá. Ohun tó ń ṣọ́ ènìyàn ni RCD, tó ń gé iná nígbà tí 30 mA péré, ìyẹn 0.03 A, bá ṣìnà gba ibi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́nẹ́ kékeré, wọn kò so nútírà mọ́ ara ẹ̀rọ rárá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iná tó ṣìnà kò ní ọ̀nà tó máa gbà padà sílé, RCD kò sì ní rí ohun kankan. Ẹ bi oníṣẹ́ iná yín pé: “Bí a bá wà lórí jẹ́nẹ́, ṣé RCD wa á ṣì ṣiṣẹ́?” Kó fi hàn yín. Ẹni tó mọṣẹ́ á so nútírà jẹ́nẹ́ mọ́ áàtì níbi tó yẹ, á sì dán an wò lójú yín. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á bínú.

Bí a ṣe ń lò ó lójoojúmọ́

Bí iná bá lọ: ẹ pa fíríìjì àti àwọn ohun tó wúwo, ẹ yí ṣéńjì-ófà sí 0, ẹ tan jẹ́nẹ́ níta, ẹ jẹ́ kó mí fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ yí i sí 2, kí ẹ wá máa tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí iná bá dé: ẹ má kánjú. Ẹ pa ohun tó wúwo, ẹ yí i sí 0, ẹ dúró díẹ̀ kí iná fìdí múlẹ̀, ẹ yí i sí 1. Ẹ jẹ́ kí jẹ́nẹ́ ṣiṣẹ́ láìru ẹrù fún ìṣẹ́jú bíi méjì kí ara rẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ tó pa á.

Ẹ má bu epo sí i nígbà tó bá ṣì gbóná. Ẹ má sì jẹ́ kí òjò pa á.

Èéfín

Bí ẹ bá so wáyà yín bí ìwé, tí ẹ wá gbé jẹ́nẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfo ni. Èéfín jẹ́nẹ́ ní gáàsì kan nínú tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju igba lọ ju bí afẹ́fẹ́ rere tí à ń mí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń sùn á kàn máa sùn lọ ni. Ẹ gbé jẹ́nẹ́ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn nǹkan bí 6 m, kí ẹnu èéfín sì kọjú síta. Kì í ṣe inú ilé ìdáná, kì í ṣe bákónì, kì í ṣe abẹ́ àtẹ̀gùn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín nígbà tí jẹ́nẹ́ ń ṣiṣẹ́, ẹ má lo paracetamol kí ẹ sì padà sùn. Ẹ jáde sí afẹ́fẹ́, ẹ pe àwọn yòókù jáde, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn.

Fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà lókè òkun

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan nìyí. Nígbà tí òtútù ńlá mú iná lọ ní Texas ní oṣù Kejì ọdún 2021, èéfín jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tó pa ènìyàn níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láìfù méjì ló ń wọ ilé, 120 V lọ́kọ̀ọ̀kan, 240 V pa pọ̀, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà jẹ́nẹ́ tí ẹ rà nílé kò bá tibẹ̀ mu. Yàtọ̀ sí ṣéńjì-ófà, wọ́n tún ní irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kàn mọ́ DB, tí wọ́n ń pè ní interlock: kò ní jẹ́ kí bíréékà jẹ́nẹ́ ṣí àfi bí bíréékà ńlá bá wà ní pípa. Irin lásán ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Òfin iná wọn kò gba wáyà olórí méjì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn alábòójútó àdúgbò yín kí ẹ tó so ohunkóhun.

Ìparí ọ̀rọ̀

Nígbà tí a padà sí ọgbà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àwa mẹ́rin tún dá owó jọ. Onílé dá díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé fún wọn. Ọ̀gá mi wá láti ilé, wọ́n so ṣéńjì-ófà, èmi ni mo ń na wáyà sí wọn. Mo wá bàbá òṣìṣẹ́ iná náà lọ sí ọ́fíìsì wọn kí n lè wí fún wọn, wọ́n ní wọ́n ti gbé wọn lọ sí àdúgbò mìíràn. N kò mọ orúkọ wọn di òní. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ tan jẹ́nẹ́, mo máa ń rò ó pé ẹnì kan wà lórí òpó níbì kan tí mi ò mọ̀, tó sì fẹ́ padà sílé lálẹ́.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Kí ló dé tí ọjọ́ tí wáyà àdúgbò bá já fi léwu ju ọjọ́ mìíràn lọ fún òṣìṣẹ́ iná?
2. Jẹ́nẹ́ kan jẹ́ 3.5 kVA. Fi 230 V ṣírò iye A tó lè gbé jáde.
3. Ṣàlàyé iṣẹ́ tí “wá” ń ṣe nínú “amúnáwá”. Wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn tí a ṣẹ̀dá ní irú ọ̀nà yìí.
4. Lọ wo ilé tí ò ń gbé. Níbo ni ṣéńjì-ófà rẹ̀ wà? Bí o kò bá rí i, ta ni ìwọ yóò bá sọ̀rọ̀ lónìí?